Ẹ Yẹ Òrùlé Yín Wò Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kànga àti omi mímu ni a bá yín sọ. Ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni a mú wá.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ni ti òrùlé ní àsìkò tí òjò kò rọ̀? Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, àárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ni òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń dé, kì í sì í dá wá. Ìjì líle ni ó máa ń rán ṣáájú. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà náà kí ó tó wá káfíńtà, yóò bá èrò ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì san ju iye tí ó yẹ lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, páànù gbẹ, igi gbẹ, ènìyàn sì lè fara balẹ̀ wo ohun tí ó fẹ́ wò.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. A kọ ọ́ bí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ILÉ BÀBÁ WA

Bàbá tí ó bí wa lọ́mọ, káfíńtà ni. Ní ọdún 1966 ni ó kọ́ ilé tirẹ̀ sí ìlú wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilé oníyàrá mẹ́fà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín rẹ̀ kọjá, ó sì fi páànù bò ó. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá ti wọlé tí ọyẹ́ sì ń mú, yóò gbé àkàbà ti ògiri ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, yóò ní kí á gbé agolo ìṣó tẹ̀lé òun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá ni wá nígbà náà. Bàbá yóò máa fi hámà kan orí ìṣó kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Èyí tí ó bá dì mú dáadáa, yóò fi í sílẹ̀. Èyí tí ó bá mì, yóò fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán, yóò padà sí àwọn tí ó sàmì sí, yóò yọ wọ́n, yóò sì fi tuntun rọ́pò. Nígbà tí a bá ń ráhùn pé oòrùn ń pa wá, yóò ní, "Ilé kì í ké bí ibì kan bá ń dùn ún. Ẹni tí ó ni ín ni kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá wa papò dà ní ọdún 1994. Ọmọ méje ni ó fi sílẹ̀. Àwa wà ní Ìbàdàn, àwọn kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá wa nìkan ni ó kù nínú ilé náà pẹ̀lú àwọn ayálégbé méjì. Gbogbo wa ni a ni ilé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ni òrùlé. Àkàbà bàbá wà ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí ó fi í sí, títí ikán fi jẹ ẹ́ tán.

Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, a máa ń lọ kí ìyá wa nígbà Kérésìmesì. Ní ọdún 2008, a rí i pé ó so kàlẹ́ńdà kan mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, ní igun òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè ti ka déètì. A fi ṣe ẹ̀fẹ̀, a ní àbí àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n fẹ́ máa kà á. Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2009, a bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ó ti máa ń wà láti ìgbà tí a ti gbọ́n. Ó ní ooru ni. Ní ọdún 2010, abọ́ ńlá oníke méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn gbígbẹ. A rí wọn. A jókòó sí orí bẹ́ẹ̀dì náà, a jẹ iyán, a sì padà sí Ìbàdàn. Àwa, ọmọ káfíńtà, tí a ti gbé agolo ìṣó rí, a kò béèrè ohun tí kàlẹ́ńdà náà ń bò mọ́lẹ̀.

Ìyá wa kò sọ nítorí pé kò fẹ́ yọ àwọn ọmọ lẹ́nu. Ó mọ̀ pé ọ̀kan ń san owó ilé ìwé, òmíràn ń kọ́ ilé, òmíràn kò tíì rí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2011, ìjì àkọ́rọ̀ dé, ó sì ká òrùlé apá ẹ̀yìn ilé náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti igi rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n gbé ìyá wa jáde. A dúpẹ́ pé kò fara pa. Ṣùgbọ́n omi ba gbogbo ohun tí ó wà nínú àpótí rẹ̀ jẹ́: aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀, fọ́tò bàbá wa, àti ìwé ìjẹ́rìí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó ti ń tọ́jú láti ìgbà èwe wa.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ní ayé ni ó ṣe é. Wọ́n ní kí a gba ààwẹ̀. Nígbà tí káfíńtà dé, ó mú igi kan tí ó jábọ́ láti orí ògiri ẹ̀yìn wá fún wa, igi tí gbogbo òrùlé apá ibẹ̀ jókòó lé. Ó fi ọwọ́ rún un, ó sì di erùpẹ̀. Ikán ni. Ọ̀rinrin ni ó sì pe ikán wá. Ibi tí omi ti ń wọlé kò sì ju ihò ìṣó kan lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní òkè ibi tí ìyá wa so kàlẹ́ńdà mọ́. Bí ògiri kò bá la ẹnu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

A mú ìyá wa wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ó jẹ, ó mu, a tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò béèrè pé, "Ṣé ẹ ti kàn án?" A óò ní, "Ó kù díẹ̀, Màámi." Àwa ọmọ méje ń pe ara wa lórí fóònù, a ń jiyàn lórí iye tí olúkúlùkù yóò dá. Ọdún méjì kọjá lórí iyàn yẹn. Ìyá wa jáde láyé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Kò sùn nínú ilé rẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó ń dùn wá jù. Owó tí a kò rí fún odidi ọdún méjì, a rí i láàrin ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ìsìnkú kàn. A kò fẹ́ kí àlejò wá bá ilé tí kò lórí. Páànù tuntun dé, igi tuntun dé, wọ́n kàn án tán, ó ń dán. Abẹ́ òrùlé tí ìyá wa béèrè fún ni a gbé pósí rẹ̀ sí.

Láti ọdún náà ni a ti padà sí àṣà bàbá wa. Ohun tí ó kọ́ wa, àti èyí tí a kọ́ kún un lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, ni a fẹ́ là sílẹ̀ fún yín nísinsin yìí.

ÈKÍNÍ: Ẹ DÚRÓ NÍ ÌTA

Ẹ kò nílò àkàbà láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jìnnà sí ilé níwọ̀n ogún ìṣísẹ̀, kí ẹ sì wo ṣóńṣó òrùlé láti òpin kan dé èkejì. Ó yẹ kí ó gún bí okùn tí a fà tan. Bí ó bá tẹ̀ wọnú ní àárín, bí bẹ́ẹ̀dì tí sípíríǹgì rẹ̀ ti kú, igi abẹ́ rẹ̀ ni ó ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ tètè pe oníṣẹ́.

Ẹ yí ilé po, kí ẹ máa wo etí òrùlé. Ìjì òjò wa sábà máa ń ti apá ìlà oòrùn wá, nítorí náà ẹ fi ara balẹ̀ wo apá ibẹ̀ jù. Igun páànù tí ó bá gbé ẹnu sókè, tàbí tí ó ń dún gbà-gbà lóru bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ibẹ̀ ni ìjì yóò ki ọwọ́ bọ̀. Ìjì kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ní àárín òrùlé. Etí àti ṣóńṣó ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa ká a bí ẹní. Bí bọ́ọ̀dù àjà abẹ́ etí òrùlé bá ti jábọ́, ẹ tún un ṣe, nítorí pé ihò náà ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọ inú, tí yóò sì máa ti páànù láti ìsàlẹ̀ bí èyí tí ó wà lókè ti ń fà á.

Ẹ wo pákó tí a kàn mọ́ etí òrùlé yíká, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní fáṣíà. Bí ó bá ti dúdú, tí ó ń hó, tàbí tí ó rọ̀ bí ẹ bá fi igi gún un, omi ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ògiri bóyá omi pupa ti ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ ní ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bóyá ìṣó tàbí rọ́bà ìṣó ti jábọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn igi tí ó wà nítòsí. Ẹ̀ka máńgòrò tàbí dogoyárò tí ó ń ha páànù yóò ha ohun tí ó ń dáàbò bò ó kúrò. Ewé tí ó sì kó jọ sí orí òrùlé yóò máa mú omi dání, ibẹ̀ ni ìpáàrà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka náà, ẹ gbá ewé náà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

ÈKEJÌ: Ẹ WỌ INÚ YÀRÁ

Ẹ tan iná, kí ẹ gbójú sókè ní yàrá kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi ìkẹ́rù tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Àmì omi tí etí rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ó dà bí àwòrán máàpù, ni ẹ ń wá. Bí àmì náà bá ní etí púpọ̀ tí ọ̀kan yí èkejì ká, omi ti wá síbẹ̀ ní ìgbà púpọ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà kùn ún bò. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ kọ déètì sí i. Lẹ́yìn òjò tí ó tẹ̀lé e, ẹ tún un wò. Bí ó bá kọjá ìlà, jíjò náà ń lọ lọ́wọ́. Bí kò bá kọjá, ó lè jẹ́ ti àtijọ́.

Ẹ fi imú gbọ́ òórùn pẹ̀lú. Yàrá tí ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tí àmì dúdú wẹ́wẹ́ sì wà ní igun rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tí ó ti bu, omi wà níbì kan níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi lẹ́búlẹ́bú lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí tábìlì ní òwúrọ̀, kòkòrò ń jẹ igi lókè. Bí ẹ bá rí ọ̀nà erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gun ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sí àjà, ikán ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi ni ó ti òrùlé wá. Bí omi bá ń kán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo páìpù àti táńkì omi kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan páànù.

ÈKẸTA: Ẹ WO INÚ ÀJÀ

Ibí ni ó ti ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ pa iná ilé láti mẹ́ìnì, nítorí wáyà wà lókè, eku sì lè ti jẹ ara rẹ̀. Ènìyàn kan kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ẹ di imú nítorí eruku, kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀, nítorí ooru inú àjà ní ọ̀sán lè dá ènìyàn lójú kọ́. Orí igi nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀. Bọ́ọ̀dù àjà kò lè gbé ènìyàn.

Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti ń yọjú bí ìràwọ̀, ihò ni. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí igi tí ó sún mọ́ ọn.

Ẹ rántí pé omi kì í sábà kán sí ìsàlẹ̀ ihò gan-an. Yóò wọlé lókè, yóò máa rìn lẹ́bàá igi, yóò sì kán níbi tí igi náà bá ti dúró tàbí tí ó ní ìpàdé. Nítorí náà, bí omi bá ń kán sí àárín yàrá, ẹ wá ihò náà síhà òkè, kì í ṣe síhà ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, kí ẹnì kan wà nínú àjà, kí oníṣẹ́ máa da omi díẹ̀díẹ̀ sí òrùlé láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Ibi tí ó bá dé tí ẹni inú àjà fi kígbe, ibẹ̀ ni.

Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi níbi tí ó bá dúdú tàbí tí ó tutù. Igi tí ó dára yóò kọ ọ̀bẹ. Èyí tí ó ti jẹrà yóò gbà á wọlé bí iṣu sísè. Ẹ yẹ igi tí ó jókòó lórí ògiri wò jù gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí òun ni ó so òrùlé mọ́ ilé. Àwọn igi wa kò rí bákan náà. Ìrókò àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ lágbára lọ́wọ́ ikán. Arère àti afàrà rọ̀, ikán sì tètè máa ń jẹ wọ́n bí a kò bá fi òògùn igi pa wọ́n lára kí a tó kàn wọ́n. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ igi, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n gbé wá, kí ẹ sì dúró nígbà tí wọ́n bá ń fi òògùn kùn ún.

ÈKẸRIN: ORÍ ÒRÙLÉ FÚNRA RẸ̀

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti kọjá ọgọ́ta ọdún, a bẹ̀ yín, ẹ má gùn ún. Ẹ pe káfíńtà. Bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ gùn ún, ìlànà wà. Bí etí òrùlé bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹsẹ̀ àkàbà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Orí àkàbà gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí òrùlé ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 3 kí ènìyàn lè rí ibi dì mú. Kí ẹnì kan di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. A kì í gun páànù tí ó tutù, ìbáà ṣe òjò tàbí ìrì òwúrọ̀. Ojú ìlà ìṣó ni a ń tẹ̀, nítorí igi wà lábẹ́ ibẹ̀.

Kí ni ẹni tí ó gùn ún yóò máa wò? Ìṣó ni àkọ́kọ́. Orí páànù tí ó yọ gogoro ni ó yẹ kí ìṣó wà. Kò yẹ kí ó wà nínú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà ṣàn. Rọ́bà abẹ́ ìṣó kì í tọ́jọ́ lọ títí, oòrùn a máa sè é títí yóò fi là. Ìṣó tí rọ́bà rẹ̀ ti là, ihò ni. Èkejì ni ibi tí páànù kan ti gun èkejì. Ní òkè àti ìsàlẹ̀, ó yẹ kí ọ̀kan gun èkejì tó íǹṣì 6 ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ yóò máa ti omi padà sínú. Ẹ̀kẹta ni páànù tí ó bo ṣóńṣó, àti gọ́tà tí ó wà níbi tí òrùlé méjì ti pàdé. Ewé ni ó máa ń dí gọ́tà yìí, omi yóò sì kún, yóò wọnú ilé. Ilé ìgbàlódé tí a fi ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká ní ìṣòro yìí jù, nítorí omi kò rí ibòmíràn lọ bí ojú ihò ìṣàn bá dí.

Ẹ̀kẹrin ni ihò tí àwọn ẹlòmíràn lu. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ń gbé páànẹ́ẹ̀lì sólà àti díìṣì tẹlifíṣọ̀n sí orí ilé. Ẹni tí ó gbé e kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dí ẹsẹ̀ ohun tí ó kàn dáadáa kí ẹ tó san owó rẹ̀ tán.

ÌYÀTỌ̀ PÁÀNÙ KAN SÍ ÈKEJÌ

Páànù àtijọ́, irin ni, síǹkì ni a fi bo ara rẹ̀. Síǹkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ tán kí ìpáàrà tó rí irin náà mú. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Òkè Màpó ní Ìbàdàn, tí ó wo ìsàlẹ̀, yóò ti rí ọ̀pọ̀ òrùlé pupa bẹ́ẹ̀. Pípupa nìkan kò túmọ̀ sí pé ó ti jò. Bí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á tí irin líle ṣì wà lábẹ́, a lè fi ọ̀dà irin kùn ún. Bí ìka bá lè tì í wọlé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní etí òkun, bí Èkó àti Àgbádárìgì, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ó tètè jẹ, nítorí náà ẹ tètè máa wò ó níbẹ̀.

Páànù alumíníọ́ọ̀mù kì í dógùn-ún bíi ti irin, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa sábà máa ń nípọn ní 0.45, 0.55 tàbí 0.7 mìlímítà. Bí ẹ bá fẹ́ rọ́pò ọ̀kan, ẹ wọn èyí tí ó wà nílẹ̀ kí ẹ má ra èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù ú. Ẹ má sì ṣe fi sìmẹ́ńtì dí ihò rẹ̀. Oòrùn máa ń mú kí páànù fẹ̀, òtútù a sì mú kí ó súnkì, sìmẹ́ńtì kò lè bá a lọ, yóò là. Pẹ̀lúpẹ̀lú, sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ara alumíníọ́ọ̀mù.

Ilé àtijọ́ tí a fi asbestos bò, ẹ má gùn ún rárá, nítorí ó lè fọ́ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe lù ú, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ni ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Èyí tí kò bá fọ́, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Èyí tí ó bá ti ń fọ́, ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ẹ TÚN LỌ WO ILÉ ÀWỌN ÒBÍ YÍN

Lẹ́yìn tí ẹ bá yẹ ilé tiyín wò, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní òbí nílé, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má jókòó sí pálọ̀ nìkan. Ẹ wọ yàrá tí ìyá yín ń sùn. Ẹ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì ti kúrò ní ààyè rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá abọ́ wà níbẹ̀. Bí kàlẹ́ńdà bá wà níbi tí kò yẹ kí ó wà, ẹ ṣí i wò. Ẹ má béèrè pé, "Màmá, ṣé òrùlé ń jò?" Wọn yóò ní rárá. Ẹ gbójú sókè fúnra yín.

Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó òrùlé lọ́dọọdún, kí àwọn yòókù máa dá owó fún un. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ àkọ́bí. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ilé jù ni kí ẹ yàn. Ẹ̀yin ayálégbé, bí ẹ bá rí àmì, ẹ tètè sọ fún onílé, kí ẹ sì sọ déètì tí ẹ rí i. Ẹ̀yin onílé, ẹ má fi ìbínú gbà á. Ẹni tí ó sọ fún yín ń bá yín tọ́jú ohun ìní yín ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ káfíńtà, àwọn opó wà ní àdúgbò yín tí wọn kò ní ẹni tí yóò gun àkàbà fún wọn. Òwúrọ̀ Sátidé kan tó.

Ẹni tí ó ń gbàdúrà kí ìjì má ṣe kó òrùlé òun lọ, ó ṣe dáadáa. Kí ó gbàdúrà tán, kí ó gbé hámà.

Àwa ti ra àkàbà tuntun sí ilé bàbá wa. Ní ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Kìíní ọdún yìí, a lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wa ọkùnrin, òun ni ó gbé agolo ìṣó. Ìṣó mọ́kànlá ni káfíńtà yọ, tí ó sì fi tuntun rọ́pò. Yàrá ìyá wa gbẹ. A mú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń sùn lórí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí tiyín rí bẹ́ẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀, nígbà tí a óò sọ̀rọ̀ lórí wáyà iná nínú ilé àti bí a ti í mọ èyí tí ó ti gbó. Ire o.